Adìyẹ ẹ̀yìnkùlé: irú wo ni kí n rà, ta ni yóò sì pa ẹyin?

Ọmọ Akóbọ̀ (Ìbàdàn)
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ̀yìnkùlé wa ní àyè díẹ̀, ògiri yí i ká, igi máńgòrò kan sì ń ṣíji bo apá kan níbẹ̀. Mo fẹ́ máa sin adìyẹ. Kì í ṣe fún títà. Ó kàn wù mí ni, pàápàá kí n máa rí ìyá adìyẹ tó ń kó ọmọ kiri, kí àwọn ọmọ mi sì mọ̀ pé ẹyin kì í ṣe inú kéréètì ló ti ń wá. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn ti pọ̀ jù fún mi. Ẹni tó ń ta òròmọdìyẹ ní Bódìjà ní Noiler, adìyẹ àdàlù tó wà fún ẹran àti ẹyin, ni kí n rà. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ní layer, adìyẹ ẹlẹ́yin, ni. Màámi ní bí kì í bá ti í ṣe adìyẹ ìbílẹ̀, kí n má wulẹ̀ dá ara mi láàmú. Àǹtí mi kan tún fẹ́ ta máṣíìnì kékeré tó ń pa ẹyin fún mi. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìyá Àgbébọ̀ (Ọ̀ṣogbo)
Àbúrò, ẹ kú ìmúra. Ẹ ti dáhùn ìbéèrè yín fúnra yín: ìyá adìyẹ tó ń kó ọmọ kiri lẹ fẹ́ rí. Layer kò lè ṣe ìyẹn fún yín. Adìyẹ tó ń yé ẹyin bí ọ̀ọ́dúnrún (300) lọ́dún, àwọn tó dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ti ṣa sísàba kúrò lára rẹ̀, torí adìyẹ tó bá ti bà lórí ẹyin kì í yé mọ́. Ó máa yé, ó máa dìde, kò tiẹ̀ ní bojú wẹ̀yìn.

Noiler kò burú. Ó ń tóbi, ó ń yé, ó sì lè jẹ̀ kiri inú àgbàlá. Ṣùgbọ́n àdàlù ni. Tí ẹ bá ń pa ẹyin tirẹ̀, àwọn ọmọ ò ní bára wọn mu: ọ̀kan á tóbi, èkejì á rí ráńpẹ́, ẹ ò sì ní mọ èwo lẹ máa fi ṣe irú.

Adìyẹ ìbílẹ̀ ló mọ iṣẹ́ ìyá. Ó máa yé bíi mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó máa bà lé e, ó máa pa á, ó máa kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń túlẹ̀ wá kòkòrò, ó sì máa kojú àwòdì. Ẹyin rẹ̀ kéré, ẹran ara rẹ̀ kò tó nǹkan, àmọ́ ẹ̀yin náà kò sọ pé ẹran lẹ ń wá.

Tí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ má lọ síbi tí wọ́n ti kó adìyẹ oríṣiríṣi abúlé pọ̀ sínú àgò kan. Ẹ wá ẹni tó ń sìn ín nílé, kó fi àgbébọ̀ tó ti pa ọmọ rí, tó sì tọ́ wọn dàgbà, hàn yín. Ọmọ irú àgbébọ̀ yẹn ni kí ẹ rà. Obìnrin mẹ́rin, akọ kan, ó ti tó ẹ bẹ̀rẹ̀.

Àgbẹ̀ Aṣa (Abẹ́òkúta)
Ìyá wa ti sọ òkodoro. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé adìyẹ ìbílẹ̀ kì í ṣe irú kan ṣoṣo. Abọ́lọ́rùn wà, tí ọrùn rẹ̀ pá. Aṣa wà, tí ìyẹ́ rẹ̀ ká sẹ́yìn. Ẹlẹ́sẹ̀ kúkurú wà, tí ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́lẹ̀. Àwọn àgbà ní adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Òwe nìyẹn o! Adìyẹ kì í làágùn rárá. Ẹnu ló máa ń là sílẹ̀, táá máa mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀ kí ooru ara rẹ̀ lè jáde. Ìdí nìyẹn tí ọrùn pípá fi wúlò nílẹ̀ olóoru bíi tiwa. Tó bá jẹ́ tèmi ni, abọ́lọ́rùn ni mo máa fi ṣáájú.

Ẹ ṣọ́ra tí ẹ bá fẹ́ máa so irú wọ̀nyí pọ̀ o. Bí aṣa bá gun aṣa, bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ọmọ ni ìyẹ́ wọn máa rọ, táá máa já dànù, ara wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Aṣa àti oníyẹ̀ẹ́ gbọọrọ ni kí ẹ so pọ̀. Bí ìdajì ọmọ á jẹ́ aṣa, ara wọn á sì le. Ti ẹlẹ́sẹ̀ kúkurú tún burú ju ìyẹn lọ. Tí takọtabo bá jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kúkurú, bí ìdá kan nínú mẹ́rin ọlẹ̀ ló máa kú sínú ẹyin kó tó di ọjọ́ pípa, ẹ̀yin á wá máa bú àgbébọ̀.

Fún ẹni tó bá fẹ́ ẹyin díẹ̀ sí i láìkúrò ní ti ilé wa, FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ níbí, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣa adìyẹ ìbílẹ̀ lẹ́ṣà títí wọ́n fi gbé FUNAAB Alpha jáde ní 2018. ShikaBrown ti NAPRI, iléeṣẹ́ ìwádìí ẹran ọ̀sìn ní Ṣíkà lẹ́bàá Zaria, ẹyin ni wọ́n dìídì tìtorí ẹ̀ ṣe é.

Oníná Sólà (Ìkòròdú)
Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú, mi ò ní dákẹ́ kí wọ́n ba máṣíìnì lórúkọ jẹ́. Àgbébọ̀ kì í bà nígbà tí ẹ bá fẹ́. Ìgbà tó bá wù ú ni. Máṣíìnì ò mọ̀yẹn. Àìka ìwọ̀n ló ń ba tọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́. Bí èyí tí ẹ rà bá ní fáànù, ooru 37.5°C ni kó dúró sí. Ọ̀rinrin inú rẹ̀, 50 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún títí di ọjọ́ kejìdínlógún, kó wá gòkè sí 65 sí 70 títí wọ́n á fi pa. Ẹ má gba tẹmómítà tó bá máṣíìnì wá gbọ́ tán. Ẹ fi òmíràn tì í kó máa ṣe ẹlẹ́rìí.

Yíyí ẹyin: ẹ fi pẹ́ńsù kọ X sí ẹ̀gbẹ́ kan, O sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ yí i lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, kó má jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan náà ni ẹyin á máa fi sùn mọ́jú. Tó bá ti di ọjọ́ kejìdínlógún, ẹ má yí i mọ́, ẹ má sì ṣí ìdérí mọ́. Bí ọ̀kan bá ti kọ́kọ́ dá ihò sára ẹyin, tí ẹ wá ń ṣí i kí ẹ lè ya fọ́tò, ọ̀rinrin á sá jáde, awọ inú ẹyin á gbẹ mọ́ ìyókù lára, wọn ò sì ní lè yíra mọ́. Láti ìgbà tó dá ihò títí tó fi máa jáde lè gba odidi ọjọ́ kan. Ẹ má bá a bó o. Ẹ̀jẹ̀ ṣì wà nínú awọ yẹn, ọmọ náà ṣì ń fa pupa ẹyin sínú ikùn. Pupa ẹyin yẹn náà ló máa gbé e ró fún bí ọjọ́ méjì láìjẹ, láìmu, nítorí náà ẹ má sáré kó èyí tó bá kọ́kọ́ jáde.

Tí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ da bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó, kí ẹ fi ojú ihò afẹ́fẹ́ sílẹ̀, ẹ má ṣí i wò. Ìyá adìyẹ pàápàá ń dìde lọ jẹun. Wákàtí mélòó kan nínú òtútù kì í sábà pa gbogbo rẹ̀. Ooru àpọ̀jù ló ń yára pa ọlẹ̀. Ẹ jìnnà sí ojú fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀.

Ìyá Àgbébọ̀ (Ọ̀ṣogbo)
Sólà, mo gbọ́. Ta ló máa wá bá máṣíìnì kó ọmọ kiri?

Àbúrò Akóbọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bí àgbébọ̀ tó fẹ́ bà ṣe ń ṣe, kí ẹ lè dá a mọ̀. Á kọ́kọ́ máa pẹ́ lórí ìtẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Tí ẹ bá na ọwọ́ sí i, á wú, ìyẹ́ rẹ̀ á gbòòrò, á máa kùn lábẹ́nú, á sì sọ yín lẹ́nu. Ẹ rọra gbé e, kí ẹ wo àyà rẹ̀: á ti fa ìyẹ́ ibẹ̀ tu, awọ á hàn gbangba, á gbóná lọ́wọ́. Awọ yẹn ló máa fi kan ẹyin. Lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ ló máa ń sọ̀ kalẹ̀, kò ní pẹ́, á jẹun kíákíá, á mu omi, á ṣu ìgbẹ́ ńlá kan tó ń rùn gan-an (ẹ má rò pé àìsàn ni), á yí nínú yẹ̀pẹ̀, á padà.

Kó tó bà, àwọn ẹyin yẹn á ti máa pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ máa kó wọn kúrò lójoojúmọ́, kí ẹ fi ọ̀kan tàbí méjì sílẹ̀ fún un. Ẹ tọ́jú èyí tí ẹ kó síbi tó tutù nínú ilé, imú ẹyin kó kọjú sísàlẹ̀, kó má ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ẹ má fọ̀ wọ́n. Nígbà tó bá ti jókòó dáadáa fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, ẹ kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Ọjọ́ kan náà ni kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lè pa pọ̀. Torí tí mẹ́ta bá ti pa, ìyá á dìde tẹ̀ lé wọn, ìyókù á tutù. Mẹ́wàá ti tó fún adìyẹ ìbílẹ̀. Èyí tó bá yọ síta lábẹ́ ìyẹ́, tó bá dọ̀la, òmíràn ló máa yọ, gbogbo wọn á wá pín òtútù jẹ.

Kí ẹ sì yà á sọ́tọ̀. Bí àwọn yòókù bá ń ráyè wọlé, orí ẹyin tirẹ̀ ni wọ́n máa wá yé sí. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí tirẹ̀, èyíkéyìí tí kò bá ní àmì, ẹ mú un lọ din. Tó bá sì jẹ́ pé ibi tó ń yé sí kò dáa, òru ni kí ẹ gbé e. Ọ̀sán gangan, á sá padà.

Àdìsá Onítọ́ọ̀ṣì (Ìlọrin)
Ìyá àti Sólà ò tíì sọ ti yíyẹ ẹyin wò. Lọ́jọ́ keje, lálẹ́, ẹ pa gbogbo iná yàrá. Ẹ gé páálí róbótó tó wà nínú tíṣù ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí ẹ fi bo iná fóònù, kí ẹ wá gbé ìdí ẹyin, ibi tó fẹ̀ yẹn, lé e. Èyí tó ti gbọlẹ̀ á ní ojú dúdú kékeré kan láàárín, iṣan ẹ̀jẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ á sì tàn kálẹ̀ láti ara rẹ̀ bí okùn aláǹtakùn. Tí ẹ bá dúró díẹ̀, ẹ lè rí i tó ń mira. Èyí tó bá mọ́lẹ̀ látòkè délẹ̀, tí pupa rẹ̀ kàn ń fò kiri, akọ ò kàn án. Èyí tó ní òrùka ẹ̀jẹ̀ láìsí iṣan, ó ti kú. Ẹ kó irú wọn kúrò, torí ẹyin òbu máa ń bẹ́, tó bá sì bẹ́ sára ìyókù, wàhálà dé. Ẹyin ìbílẹ̀ tó funfun rọrùn láti wò. Aláwọ̀ búráùn máa ń ṣòro, ẹ fún un di ọjọ́ kẹwàá.

Lọ́jọ́ kejìdínlógún, inú ẹyin á ti dúdú tán, àfi àlàfo afẹ́fẹ́ ní ìdí rẹ̀.

Ọmọ Akóbọ̀ (Ìbàdàn)
Ẹ ṣeun gan-an. Ìbéèrè òpè díẹ̀: ṣé ẹyin kéréètì lè pa? Èyí tó ti wọ fíríìjì ńkọ́? Aládùúgbò wa ní pẹ́pẹ́yẹ, ṣé mo lè fi ẹyin rẹ̀ kún ti adìyẹ? Ṣé òótọ́ ni pé ẹyin tó mú lẹ́nu máa ń jẹ́ akọ?

Àdìsá Onítọ́ọ̀ṣì (Ìlọrin)
Kéréètì: rárá, oko layer kì í ní àkùkọ, adìyẹ ń yé láìrí akọ. Fíríìjì: otútù rẹ̀ ti pọ̀ jù, ẹ jẹ ẹ́. Pẹ́pẹ́yẹ tó pọ̀ nílé wa, ọjọ́ márùndínlógójì ló ń lò, tòlótòló méjìdínlọ́gbọ̀n, adìyẹ mọ́kànlélógún. Ẹ má pa wọ́n pọ̀. Àgbébọ̀ lè pa ẹyin pẹ́pẹ́yẹ lóòótọ́, àmọ́ ẹ máa fìyà ọ̀sẹ̀ méjì jẹ ẹ́ ni. Ti ẹyin tó mú lẹ́nu, irọ́ ni. Lára adìyẹ ìbílẹ̀, ẹ máa ní sùúrù bí oṣù méjì: ògbe akọ á pọ́n, á ga ju tobìnrin lọ. Ìyẹ́ ṣóṣóró ní ìdí rẹ̀ ló máa fi ìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Peckham (Lọ́ńdọ̀nù)
Ẹ jẹ́ kí èmi tí mo wà lókè òkun náà dá sí i, torí mo mọ̀ pé àwọn ará ibí ń kà á. Ní England àti Wales, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 2024, ẹni tó bá ní adìyẹ kan ṣoṣo pàápàá gbọ́dọ̀ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, nítorí àrùn bird flu. Bí wọ́n bá ní kí gbogbo èèyàn ti adìyẹ mọ́lé, ẹ tì í. Òmíràn tó máa ya yín lẹ́nu: òfin ò gbà kí ẹ fi àjẹkù ilé ìdáná bọ́ ọ níbí, ì báà jẹ́ eepo iṣu. Màámi rò pé àwàdà ni mò ń ṣe.

Nítorí aládùúgbò, mi ò ní àkùkọ. Ẹyin tí akọ ti kàn ni mò ń rà, wọ́n á fi ránṣẹ́. Ẹyin tó bá rìnrìn àjò gbọ́dọ̀ sinmi odidi ọjọ́ kan, imú sísàlẹ̀, kó tó wọ abẹ́ adìyẹ. Silkie ni mo fi ń sàba. Ìyẹ́ rẹ̀ dà bí òwú, awọ rẹ̀ dúdú, kò sì sí ohun tí kò lè bà lé, títí kan bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù. Ìka márùn-ún ló ní ní ẹsẹ̀ kan. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ kà á, mo ní àṣé ìran adìyẹ tó tan ilẹ̀ ká ní Ifẹ̀ ṣì kù!

Dókítà Ẹranko (Ìbàdàn)
Ẹ ti sọ ti pípa, ẹ ò tíì sọ ti kíkú. Àrùn tó ń gbá àgbàlá mọ́ ni lùkúlùkú. Ìgbà ọyẹ́ ló máa ń burú jù. Adìyẹ á sorí kọ́, á máa ṣu ìgbẹ́ àwọ̀ ewé, á máa mí pẹ̀lú wàhálà, ọrùn àwọn mìíràn á lọ́. Kò ní oògùn. Àjẹsára nìkan ló wà, kó tó dé ni wọ́n sì ń ṣe é. Fún adìyẹ ilé, ẹ béèrè àjẹsára I-2 tí NVRI, iléeṣẹ́ ìwádìí ìlera ẹranko ní Vom, nítòsí Jos, ń ṣe. Ó máa ń fara da ooru ju àwọn yòókù lọ, ẹ̀kán kan sójú ti tó, ẹ tún un ṣe ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta tàbí mẹ́rin mẹ́rin. Tó bá jẹ́ Lasota, àjẹsára tí wọ́n ń pò sínú omi mímu wọn, lẹ rí, ẹ má lo omi ẹ̀rọ tó ní kẹ́míkà. Omi kànga tó mọ́ ni, kí ẹ fi ìyẹ̀fun mílíìkì díẹ̀ sí i. Ẹ ti kọ́kọ́ fi òùngbẹ pa wọ́n fún wákàtí kan tàbí méjì, kí wọ́n lè mu ún tán kíákíá.

Adìyẹ tuntun, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán. Ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ lára òròmọdìyẹ, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sókè, coccidiosis, àrùn inú ìfun, ni; ẹ béèrè oògùn amprolium, kí ẹ sì pààrọ̀ pákó fífá tó wà nílẹ̀, torí ilẹ̀ tútù ni àrùn náà ń gbé. Egbò dúdú lórí ògbe àti lẹ́bàá ojú, ẹ̀fọn ló ń gbé e kiri. Ó ní àjẹsára tirẹ̀. Bí méjì mẹ́ta bá kú pọ̀ lójijì, ẹ má pín in jẹ, ẹ má fún ajá. Ẹ pe dókítà ẹranko ìjọba ìbílẹ̀ yín. Láti 2006 tí bird flu ti kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà, a kì í fi irú ikú bẹ́ẹ̀ ṣeré mọ́.

Àgbẹ̀ Aṣa (Abẹ́òkúta)
Dókítà, ẹ ṣé. Yòrò náà ńkọ́? Àgbébọ̀ tí yòrò bò mọ́lẹ̀ á fi ẹyin sílẹ̀ lọ. Èmi máa ń da eérú sínú yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ń yí sí, mo sì ń tẹ́ ewé dongoyaro sábẹ́ ìtẹ́.

Dókítà Ẹranko (Ìbàdàn)
Eérú dáa. Ewé yẹn ò lè pa wọ́n lára. Tó bá ti pọ̀ jù, ẹ wá gba lẹ́búlẹ́bú lọ́dọ̀ wa, ẹ má fi ọtapiapia kùn ún lára o, ẹ jọ̀ọ́.

Ìyá Àgbébọ̀ (Ọ̀ṣogbo)
Ilé wọn, kí ẹ gbé e kúrò nílẹ̀, wáyà tí ojú rẹ̀ kéré ni kí ẹ fi yí i, torí èkúté àti ejò ń gba inú ihò tí ẹ ò kà sí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ fi àgò dé ìyá mọ́lẹ̀ lábẹ́ máńgòrò yẹn ní ọ̀sán. Ọmọ á máa wọlé, á máa jáde, àwòdì dé, wọ́n á sá wọ abẹ́ ìyá. Bí òjò bá ṣú, ẹ kó wọn wọlé kó tó rọ̀. Òròmọ tó bá tutù kì í rí ọ̀la.

Oníná Sólà (Ìkòròdú)
Mo fẹ́ parí ìjà èmi àti Ìyá wa. Ẹ lè fi méjèèjì ṣe é. Lọ́jọ́ tí àgbébọ̀ yín bà, ẹ kó ẹyin sínú máṣíìnì náà. Ọjọ́ tí tirẹ̀ bá pa, ẹ kó ọmọ máṣíìnì sábẹ́ ẹ̀ lóru, nínú òkùnkùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tílẹ̀ bá mọ́, tirẹ̀ ló máa kà wọ́n sí. Kò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ kan tàbí méjì lọ sí ìgbà tí wọ́n jáde, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á sọ wọ́n pa. Ẹni tí kò bá ní ìyá tó lè gbà wọ́n, bí 33°C ní ọ̀sẹ̀ kìíní, kí ẹ máa dín in bíi 3 lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ wo ọmọ ju tẹmómítà lọ: tí wọ́n bá ń dìpọ̀ tí wọ́n ń ké, òtútù ń mú wọn, tí wọ́n bá sá mọ́ ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n la ẹnu, ooru ti pọ̀.

Ìyá Àgbébọ̀ (Ọ̀ṣogbo)
Èyí mo gbà.

Ọmọ Akóbọ̀ (Ìbàdàn)
Ó ti yé mi. Abọ́lọ́rùn mẹ́rin ni màá wá, máṣíìnì Àǹtí á ṣì dúró ná. Àkùkọ wá ńkọ́? Bí mo bá ń lo ọmọ inú ilé lọ títí ńkọ́?

Àgbẹ̀ Aṣa (Abẹ́òkúta)
Kò dáa. Ẹ̀gbọ́n á máa gun àbúrò, ẹyin tí kò pa á máa pọ̀, ọmọ á máa rù. Ẹ máa pààrọ̀ akọ lọ́dọọdún pẹ̀lú ẹni tó ń gbé jìnnà sí yín. Akọ kan tó obìnrin mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Tí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀, ẹ dúró ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹ tó kó ẹyin fún pípa, torí nǹkan ọkọ àtijọ́ ṣì lè wà nínú obìnrin fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn akọ tó bá ṣẹ́kù, ìkòkò ọbẹ̀ Kérésìmesì kì í kún.

Dókítà Ẹranko (Ìbàdàn)
Ìgò I-2 kan tó adìyẹ tó pọ̀ gan-an, bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá ti ṣí i, ọjọ́ náà lẹ máa lò ó tán. Ẹ̀yin ará Akóbọ̀, Bódìjà àti Mọníyà, tí ẹ bá fẹ́ ká jọ pín ìgò kan kó tó di ìgbà ọyẹ́, ẹ kọ iye adìyẹ yín sísàlẹ̀ níbí.

Ọmọ Akóbọ̀ (Ìbàdàn)
Márùn-ún, tí mo bá ti rà wọ́n.

Ìyá Pọ̀ọ̀kú (Mọníyà)
Mẹ́rìndínlógún, àti àgbébọ̀ kan tó ṣì wà lórí ẹyin. Ṣé ẹ lè kán ti èyí tó ń bà, àbí kó pa tán ná?

Dókítà Ẹranko (Ìbàdàn)
Ẹ fi í sílẹ̀ kó pa tán ná, Ìyá. Àwọn mẹ́rìndínlógún yẹn ni ká kọ́kọ́ ṣe.